Adé Pàṣẹ, Ọwọ́ Ṣiṣẹ́

Kò sí ọlọ́kadà tó ń fi ayọ̀ gbé Ìyáàfin Túnráyọ̀ lọ sí ilé-ìwé bíi Dàmọ́lá. Ọkùnrin náà ti lé ní ogójì ọdún, ó ti bímọ mẹ́rin, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń hu funfun; ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá ti gun ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, tó sì gbé báàgì ìwé lé itan, Dàmọ́lá a tún di ọmọ kíláàsì. A máa pariwo sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má baà bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Màámi, ẹ bi mí!"

"Kí ni kí n bi ọ́, Dàmọ́lá? Wo iwájú rẹ jàre."

"Nọ́ńbà kọkànlá àti kejìlá!"

Kí ó tó bi í, Dàmọ́lá a ti máa fi fèrè ọ̀kadà gbe orin rẹ̀:

"Adé pàṣẹ, sinẹ́kidokì! Ọwọ́ ṣiṣẹ́, mẹtọ́nímì!"

Àwọn obìnrin tó ń sá kòkó sí etí títì a gbójú sókè, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Túnráyọ̀ a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa dùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ Ìdànrè ní lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìntì. Ó ti kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ti kọ́ amòfin, ó ti kọ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà méjì, ó sì ti kọ́ Dàmọ́lá. Nínú gbogbo wọn, ta ni kò lè kọ orin yẹn?

Orin bàbá rẹ̀ ni. Olùkọ́ Anthony, ẹni tí ó kọ́ àwọn baba ìlú nílé-ìwé ìjọ, ló to ọnà-èdè mẹ́tàlélógún ní nọ́ńbà-nọ́ńbà sínú ìwé àjákọ ẹlẹ́yìn líle kan, aláwọ̀ búlúù. Ohun mẹ́rin ló kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀, àti orin kúkúrú tí ọmọ yóò fi há a sórí. Ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá náà fi ayé sílẹ̀, ó pín oko kòkó rẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó kan Túnráyọ̀, ó fa ìwé búlúù náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Èyí ni oko tìrẹ," ni bàbá wí. "Má jẹ́ kí igbó bò ó."

Láti ọjọ́ náà, Túnráyọ̀ kò fi ìwé mìíràn kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọnà-èdè mọ́. Ó ń ní kí àwọn ọmọ ra ìwé tí ìjọba yàn, òótọ́ ni, òun náà sì ní ọ̀kan nínú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé orí tó sọ nípa ọnà-èdè, a ní kí wọ́n pa ìwé yẹn dé. Kí ni àjèjì mọ̀ nípa oko tí bàbá ẹni ti ro?

Ó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ni, tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Lọ́dọọdún, kí ìdánwò àṣekágbá tó dé, a kó kíláàsì tó gbẹ̀yìn lọ sí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn náà ju ẹgbẹ̀ta lọ, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ní ibi ìsinmi kìíní, àwọn ọmọ yóò ka oríṣiríṣi àfiwé. Ní ìkejì, ìfohunpènìyàn àti àsọrégèé. Ní ìkẹta, adé àti ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Òfin kan ló wà: ẹni tí kò bá tíì kà á kò gbọ́dọ̀ jókòó. Ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á máa ṣàn, orin á sì wọ ara lọ. Ohun tí ènìyàn bá kọ́ lórí ìdúró níbẹ̀, kò ní í gbàgbé rẹ̀ títí ayé.

Ọ̀rọ̀ adé àti ọwọ́ yìí kò ṣòro. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí òǹkọ̀wé bá ní adé ti pàṣẹ, ọba ló ń sọ; ó fi ohun tó jẹ mọ́ ọba dúró fún ọba. Bí ó bá ní ogún ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú oko, ogún òṣìṣẹ́ ló ń sọ. Ó fi ẹ̀yà ara kan dúró fún odidi ènìyàn. Ọnà-èdè méjì ni, ọ̀kan ń jẹ́ sinẹ́kidokì, èkejì ń jẹ́ mẹtọ́nímì. Èwo ló ń jẹ́ èwo? Orin bàbá ti dáhùn.

Ní oṣù tí à ń sọ yìí, ìdíje lítíréṣọ̀ láàárín àwọn ilé-ìwé ń bọ̀ ní Àkúrẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò fà kalẹ̀. Túnráyọ̀ ti yan Ẹwàolúwa ṣáájú, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ bí a kò bá bi í. Ṣùgbọ́n ní ibi ìsinmi kẹta, lọ́jọ́ tí wọ́n gun òkè lọ́dún náà, nígbà tí orin parí, tí gbogbo kíláàsì sì fẹ́ jókòó, ọmọ náà nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́, ma. Ìwé tí ẹ ní ká rà, mo kà á lánàá. Ó ní adé ni mẹtọ́nímì. Ó ní ọwọ́ ni sinẹ́kidokì."

"Ta ló kọ ìwé náà?"

"N kò mọ̀ ọ́n, ma."

"O ò mọ̀ ọ́n. Ṣé ó ti gun òkè yìí rí?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti rẹ́rìn-ín yẹn ló kó bá Túnráyọ̀, nítorí ẹ̀rín a máa ti olùkọ́ síwájú.

"Ẹni tó ṣe ìwé búlúù yìí ló kọ́ bàbá tó bí bàbá rẹ ní ABD. Ìwọ wá fẹ́ kọ́ ọ. Ó dára. Prófẹ́sọ̀, máa sọ̀ kalẹ̀ lọ. Dúró dè wá nísàlẹ̀, kí o máa kọ́ àwọn aláǹgbá."

"Prófẹ́sọ̀!" ni àwọn ọmọ ń pariwo. "Prófẹ́sọ̀ Aláǹgbá, ó dàbọ̀ o!"

Ẹwàolúwa sọ̀ kalẹ̀ ní òun nìkan, ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, kò wẹ̀yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Túnráyọ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àwọn tí ń lọ sí ìdíje, tó sì fi ti Olúwapamílẹ́rìn sí i. Ọmọ àgbẹ̀ kan láti Atosin ni Pamílẹ́rìn, ohùn rẹ̀ dùn, òun ni a sì ti yàn láti sọ̀rọ̀ ìdágbére lórúkọ gbogbo àwọn tó ń jáde. Bàbá rẹ̀ ti pe akọrin ìjọ Aládùúrà wọn pátá láti wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Ní Àkúrẹ́, ilé-ìwé méjì ló kù sórí pèpéle níkẹyìn, àmì wọn sì dọ́gba. Adájọ́ ka ìbéèrè ìkẹyìn: adé ti pàṣẹ pé kí ogun dúró, irú ọnà-èdè wo nìyẹn? Túnráyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè lórí àga rẹ̀. Ọlọ́run Bàbá Anthony! Pamílẹ́rìn kò tilẹ̀ ronú, ó tẹ aago iwájú rẹ̀.

"Sinẹ́kidokì!"

Àwọn ọmọ Ìdànrè pàtẹ́wọ́.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ni adájọ́ wí. Ó yíjú sí ilé-ìwé kejì. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀ ní mẹtọ́nímì ni, wọ́n sì gbé ife-ẹ̀yẹ fún wọn.

Túnráyọ̀ ti dìde dé ìdajì. Ó fẹ́ sọ fún adájọ́ pé ó ṣì í. Ó wá ìwé tí yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀ nínú báàgì, ìwé tí ìjọba yàn ni ọwọ́ rẹ̀ bà, ó sì ṣí i sí orí tí kò ṣí láti ọdún tó ti rà á. Àwọn ojú ewé náà ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn ìwé, bí ẹni pé orúkọ òǹkọ̀wé yóò yí ohun tó kọ padà. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó rọra jókòó, ó sì pa báàgì dé.

Nígbà tó gbójú sókè, ó rí Ẹwàolúwa láàárín àwọn ọmọ tó wá ṣe alátìlẹ́yìn. Ọmọ náà tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Kò wo olùkọ́ rẹ̀ rárá. Bó bá wò ó, tó tilẹ̀ fi ojú bú u, ìbá sàn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà, Ọ̀gbẹ́ni Benedict, ọ̀gá ilé-ìwé, kò dákẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ni, kò mọ ọnà-èdè kankan. Orin yẹn nìkan ló ti gbọ́, nítorí gbogbo ìlú ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó tẹ̀lé adé àti èyí tó tẹ̀lé ọwọ́ nínú rẹ̀.

"Pamílẹ́rìn! Ìbéèrè tí Dàmọ́lá ọlọ́kadà ìbá fi ojú oorun dáhùn! Ṣé Ìyáàfin kò kọ́ ọ ni?"

Pamílẹ́rìn bojú wo Túnráyọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì yára gbé ojú kúrò.

"Wọ́n kọ́ mi, sà," ni ó wí. "Èmi ni mo gbàgbé."

"O gbàgbé! Ẹni tí èrò ń dẹ́rù bà tó báyìí, ṣé òun ló máa dìde lọ́jọ́ ìdágbére níwájú àwọn òbí? Rárá o. A ó wá ẹlòmíràn."

Ẹnu Túnráyọ̀ kò ju ìdajì apá lọ sí etí ọ̀gá rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìbá gba ọmọ náà sílẹ̀: èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó ní òun yóò sọ ọ́ bí wọ́n bá kúrò ní Àkúrẹ́, wọ́n kúrò. Ó ní bí wọ́n bá ti rí òkè. Òkè yọ, àpáta kan tẹ̀lé òmíràn, kò sọ ọ́. Bọ́ọ̀sì dúró, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Pamílẹ́rìn kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàárọ̀, ma," ó sì gba ọ̀nà Atosin lọ pẹ̀lú sálúbàtà lọ́wọ́.

Ìtìjú a máa kọ́ àgbà ní irọ́ tí kò kọ́ nígbà èwe. Ní ọjọ́ Ajé, Túnráyọ̀ dúró níwájú kíláàsì, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù lọ, ó sì sọ pé:

"Ẹ mú bíró yín. Ní ti nọ́ńbà kọkànlá àti kejìlá, àwọn àgbà olùdánwò ti yí i padà lọ́dún yìí. Adé ló wá di mẹtọ́nímì báyìí. Ọwọ́ ló di sinẹ́kidokì."

Wọ́n kọ ọ́. Ẹwàolúwa náà kọ ọ́. Ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Túnráyọ̀ rí i pé ọmọ náà ń fi aṣọ bo òun. Ó ní kí ọ̀gá kíláàsì máa pe ìyókù. Ọ̀gá kíláàsì ni Ọláwùmí, ọmọ Dàmọ́lá. Bíi ti bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í mọ níwọ̀n.

"Nọ́ńbà kẹrìnlá! Àdàpè! Kí ni àdàpè?"

"Kí á fi ọ̀rọ̀ dídán bo ohun tí kò dára!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn.

"Àpẹẹrẹ!"

"Àdàpè olè ni 'ọmọ ń fẹ́wọ́'!"

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wọn ti kọ́ wọn. Túnráyọ̀ di tábìlì mú. Wọ́n ti yí i padà. Ta ló yí i padà? Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́.

"Ẹ tò sí ìta," ni ó wí. "À ń lọ sórí òkè."

Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé kọjá, ó ní kó bá àwọn lọ.

"Ìyáàfin, ṣé ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é sọ lórí àga ni?"

"Ibi tí mo ti kọ́ wọn ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Benedict sanra. Nígbà tó fi dé ibi ìsinmi kẹta, ó ti bọ́ táì, ó ti fi fìlà nu ojú, ó sì ti bá Ọlọ́run ṣe ìpinnu púpọ̀. Àwọn ọmọ dúró ní ìlà, wọ́n ń retí orin, nítorí ẹni tí kò bá kà á kò gbọ́dọ̀ jókòó.

"Ẹ jókòó," ni Túnráyọ̀ wí.

Wọ́n wo ara wọn.

"Mo ní kí ẹ jókòó. Ẹ̀yin náà, sà. Èmi ni yóò dúró lónìí."

Ó ṣí ìwé búlúù. Oòrùn ń ta gan-an sára àpáta.

"Ohun mẹ́rin ni mo ṣe. Èkíní, mo kọ́ yín ní àṣìṣe, nítorí pé bàbá mi ló kọ ọ́, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ẹnikẹ́ni kò yí ohunkóhun padà lọ́dún yìí. Bẹ́ẹ̀ ló ti wà kí wọ́n tó bí mi. Èkejì, Ẹwàolúwa sọ òtítọ́ fún mi níbí yìí, mo sì fi í ṣe ẹlẹ́yà, mo lé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹta, Pamílẹ́rìn dáhùn ohun tí mo kọ́ ọ. Kò gbàgbé nǹkan kan. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo jẹ́ kí ó ru ẹrù mi. Ẹ̀kẹrin, mo pa irọ́ fún yín ní òwúrọ̀ yìí, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín."

Ó mú bíró pupa, ó fa ìlà lórí ìkọ̀wé ọwọ́ bàbá rẹ̀, níbi tí àwọn lẹ́tà ti tò tónítóní bí ẹyin inú apẹ̀rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà.

"Ẹwàolúwa, mo bẹ̀ ọ́. Má bínú sí mi."

Ọmọ náà ti wà lórí orúnkún. "Ẹ má bẹ̀ mí, ma! Ẹ jọ̀wọ́, ma, ẹ má bẹ̀ mí!"

"Dìde. Bí o bá kúnlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ mi yóò di tìrẹ, n óò sì lọ láìjẹ gbèsè kankan. Dìde dúró, kí n bẹ̀ ọ́."

Ẹwàolúwa dìde, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ojú Pamílẹ́rìn kò kún. Ó ń wo ọ̀gá ilé-ìwé, bí ọmọ tó ń dúró de èsì. Ọ̀gbẹ́ni Benedict nu ọrùn.

"Ọ̀rọ̀ ìdágbére ti padà sọ́wọ́ rẹ, Pamílẹ́rìn. Kí àwọn akọrin yín máa bọ̀." Lẹ́yìn náà ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyáàfin, ẹ̀ bá sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì."

"Mo mọ̀, sà."

Ìgbà náà ni Ọláwùmí nawọ́ sókè, láìní ibi kankan lọ́kàn.

"Ma, àwọn tó ti jáde ńkọ́? Bàbá mi máa ń kọ ọ́ fún wa nílé."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Túnráyọ̀ wo àtẹ̀gùn náà títí dé ìsàlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kíláàsì kan tẹ̀lé èkejì, gbogbo wọn lórí ìdúró níbí yìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dàmọ́lá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó hàn gbangba pé Ọláwùmí kò sọ nǹkan kan nílé. Ọmọ tí a kọ́ kì í ru ìtìjú àgbà káàkiri.

"Màámi, ẹ bi mí!"

"Dàmọ́lá, dúró ná. Pa ẹ́ńjìnnì."

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tapólì kan tí wọ́n sá kòkó lé. Túnráyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, nítorí kò fẹ́ sọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lójúkojú, kò fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó. Dàmọ́lá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ń dán mi wò ni. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti gbàgbé."

"N kò dán ọ wò."

Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí omi tó ń fà sínú ilẹ̀.

"Mo kọ ọ́ nílé ìdánwò, ma," ni ó wí. "Mo tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ló dá mi lójú."

"Mo mọ̀. Má bínú, Dàmọ́lá."

"Ah, ma. Ta ni èmi?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí táńkì ọ̀kadà tí kò dọ̀tí. "Ẹ wá kọ́ mi ní èyí tó tọ́."

Ó kọ́ ọ níbẹ̀, létí títì. Dàmọ́lá tún un wí: adé pàṣẹ, mẹtọ́nímì, ọwọ́ ṣiṣẹ́, sinẹ́kidokì. Ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gba ojú àpáta tó ń yọ̀. Wọ́n gun ọ̀kadà, wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé ẹnu géètì.

"Ó dàbọ̀, ma," ni Dàmọ́lá wí, ó tẹríba, ó yí orí ọ̀kadà padà.

Kò tíì rìn jìnnà tí ọwọ́ rẹ̀ fi lọ sórí fèrè fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ohùn rẹ̀ sì tẹ̀lé e: "Adé pàṣẹ, sinẹ́kidokì! Ọwọ́ ṣiṣẹ́, mẹtọ́nímì!" Kò mọ̀ pé òun wí i. Túnráyọ̀ gbé ọwọ́ sókè láti pè é padà, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti ṣẹ́ kọ́nà. Orin náà lọ bá òkè, òkè gbà á, ó sì dá a padà gẹ́gẹ́ bó ti gbọ́ ọ.